Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi eré bóòtù ṣe iṣẹ́: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Àǹtí Ganaja

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó ti fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí wa, mo sì mọ̀ pé ẹni tó mọ omi àti ẹni tó mọ ìwé pọ̀ níbí.

Ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀ ni wá, etí odò Ọya ni wọ́n bí wa sí. Bàbá wa àgbà wà lára àwọn tó máa ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ ìdíje lọ́hùn-ún ní Pàtígì nígbà tí ọdún ọkọ̀ bá kò. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó jẹ́ bàbá ọmọ yìí, bóòtù akérò ló ń wà ní Lọ́kọ́jà. Tí wọ́n bá sì ṣe eré bóòtù lọ́jọ́ ọdún, iwájú ni ẹ máa bá a. Ọmọ náà ti jogún rẹ̀. Ọmọ ọdún 16 ni, SS2 ló wà, ṣùgbọ́n ó lè tú ẹ́ńjìnnì Yamaha 40 palẹ̀ kó sì tò ó padà láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní oṣù kẹwàá 2025, nígbà tí wọ́n gbé ìdíje E1 ti àwọn bóòtù tó ń lo bátìrì wá sí Èkó, àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń gbé lọ́hùn-ún mú un lọ wò ó. Láti ìgbà tó ti dé, kò sí ọ̀rọ̀ míì lẹ́nu rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ tí òun máa ṣe láyé nìyẹn. Bàbá rẹ̀ gbà, ó ní kó máa wá fi bóòtù akérò kọ́ eré nírọ̀lẹ́ tí èrò bá ti tán. Ìyá wa àgbà fárí gá. Wọ́n ní odò ti gba ọmọ kan lọ́wọ́ àwọn rí, àwọn ò ní fi ẹsẹ̀ ara àwọn mú òmíràn lọ fún un.

Èmi ni wọ́n ní kí n dá sí i. Ṣé iṣẹ́ gidi ni eré yìí? Ibo ni ọmọ tó wà ní Kogí ti máa bẹ̀rẹ̀? Kí ni ká má ṣe rárá?

Wakọ̀ Jamata

Àǹtí, ẹ kú ìrònú ọmọ. Iṣẹ́ bóòtù ni mo ń ṣe jẹun, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá ẹ̀gbọ́n wa sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kí wọ́n má fi bóòtù akérò kọ́ ọmọ ní eré. Kì í báà ṣe ìrọ̀lẹ́, kì í báà ṣe òwúrọ̀.

Àwọn náà mọ odò yìí jù mí lọ bóyá. Yanrìn tó wà lápá òsì lọ́dún tó kọjá lè ti bọ́ sáàárín lọ́dún yìí. Tí omi bá fà, láti nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, ibi tó jìn lánàá lè má kan orúnkún mọ́. Tí omi bá sì kún, oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, igi ńláńlá tí àgbàrá hú láti òkè ló ń bọ̀ lábẹ́ omi, orí rẹ̀ ò ní yọ. Ẹni tó ń rọra lọ tó bá gbá a, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á ta sókè, á bú èpè, á máa lọ. Ẹni tó ń sáré tó bá gbá a, òun fúnra rẹ̀ ló máa fò jáde.

Ti àwọn ẹlòmíì tún wà níbẹ̀. Àwọn ìyá wa tó ń ti ọjà bọ̀ nínú ọkọ̀ onígi, tí ẹrù ti tẹ ọkọ̀ wọn mọ́lẹ̀ dé etí, ìgbì kan látọ̀dọ̀ bóòtù tó ń sáré ti tó láti da gbogbo wọn sómi. Gbogbo wa ló mọ iye òkú tí wọ́n ti gbé jáde nínú odò yìí. NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọkọ̀ ojú odò, tí olú iléeṣẹ́ wọn wà níbí ní Lọ́kọ́jà, sì ti fòfin de wíwa bóòtù lóru. Ìrọ̀lẹ́ tí èrò ti tán, òru ti wà lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn.

Ohun tí ọmọ náà lè bẹ̀rẹ̀ lónìí nìyí, kò sì ní ná yín lówó. Ẹ ní kó lọ wo gbogbo bóòtù bàbá rẹ̀, kó wá okùn tó ń pa ẹ́ńjìnnì. Okùn pupa wíríwírí kan ni, orí kan máa ń wọ ara bọ́tìnì iná ẹ́ńjìnnì, orí kejì ni awakọ̀ máa so mọ́ ọwọ́ tàbí itan. Tí awakọ̀ bá já sómi, okùn á fa nǹkan yẹn yọ, ẹ́ńjìnnì á kú. Ẹ lọ sí èbúté èyíkéyìí, ẹ máa rí i pé ọ̀pọ̀ ti fi wáyà dì í pa kó má baà yọ wọ́n lẹ́nu. Bóòtù tí awakọ̀ bá já bọ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò kú kì í lọ tààrà. Yíyí ló máa ń yí po lójú kan, á sì padà wá bá ẹni tó wà nínú omi, tòun ti fáànù tó ń gbá omi lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ tó bá máa wọ bóòtù eléré, tí kò tíì lè fi dandan so okùn yẹn mọ́ra nínú bóòtù bàbá ara rẹ̀, kò tíì bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan.

Ọmọ Kàbà ní Milan

Ẹ kú ilé o. Ìtálì ni mo wà, mo ti ń wo eré yìí fún ìgbà pípẹ́, ó sì dùn mọ́ mi pé ará ilé wa kan ń béèrè nípa rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ gidi ni, ṣùgbọ́n àwọn tó ń jẹ nínú rẹ̀ kéré. UIM ni àjọ àgbáyé tó ń darí rẹ̀, Monaco ni wọ́n wà. Ìdíje tó ga jù tí àwọn ẹlẹ́ńjìnnì epo ń ṣe ni F1H2O, tí a tún ń pè ní F1, ọdún 1981 ló bẹ̀rẹ̀. Bóòtù náà gùn tó mítà 6, kò wúwo tó kílò 400, agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó ẹṣin 400, ó sì ń sá ju 220 kìlómítà lọ ní wákàtí. Kò ní bíréèkì. Kò ní jíà. Lẹ́bàá pèpéle tó léfòó ni wọ́n máa ń tò wọ́n sí, ẹ́ńjìnnì gbogbo wọn á ti kú. Tí iná àmì ìbẹ̀rẹ̀ bá ti yí, oníkálùkù á ṣáná, ó di pé ta ló máa kọ́kọ́ dé ibi tí wọ́n ti máa yà.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n wa máa mọ rírì rẹ̀ nìyí: ìka awakọ̀ kì í kúrò lórí bọ́tìnì tó ń gbé ẹ́ńjìnnì sókè sódò. Tó bá gbé e sókè díẹ̀, afẹ́fẹ́ á wọ abẹ́ bóòtù, bóòtù á fẹ́rẹ̀ẹ́ má kan omi mọ́, eré á pọ̀ sí i. Tó bá gbé e jù, afẹ́fẹ́ á tì í láti abẹ́, bóòtù á fò sókè á sì dojú dé. Iṣẹ́ awakọ̀ ni kó wà ní ààlà yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, láàárín àwọn ẹlòmíì tó ń da omi bò ó lójú. Kì í tilẹ̀ ríran dáadáa. Ẹnì kan wà létí omi tó ń fi rédíò sọ fún un ibi tí àwọn yòókù wà.

Nípa ti ẹbí eléré, ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ méjì wá. Angelo Molinari ń kan bóòtù létí adágún Como níbí. Renato ọmọ rẹ̀ ló ń wà wọ́n, òun ló gba ife F1 ti ọdún 1981 tó kọ́kọ́ wáyé, ó tún gba ti 1983 àti 1984. Ní Amẹ́ríkà, Bill Seebold ń kan bóòtù, ó ń wà á, àwọn ọmọ rẹ̀ Mike àti Tim náà di awakọ̀ eléré. Ẹ wo ohun tó bá àwọn ilé méjèèjì mu. Ibi tí wọ́n ti ń kan bóòtù ni àwọn ọmọ ti dàgbà. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ya pákó, bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀gbẹ́ bóòtù tó fọ́ ṣe, ìdí tí fáànù yìí fi ń gbá omi dáadáa tí tọ̀hún kò gbá a. Ìyẹn ni ogún tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ yín tó ti lè tú Yamaha 40 ti ní díẹ̀ nínú ogún yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀.

Wọn kì í sì í fi eré ńlá bẹ̀rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 9 ti lè díje ní ìpele àwọn ọmọdé. Ní Yúróòpù, GT15 wà, ẹ́ńjìnnì ẹṣin 15 péré. GT30 tẹ̀ lé e. F4 wà pẹ̀lú ẹṣin 60. Kó tó kan F2, kó tó wá kan F1. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹ́ńjìnnì tí ọmọ yín ń lò lójoojúmọ́ lágbára ju èyí tí ọmọdé ibí fi ń bẹ̀rẹ̀ lọ.

Ìyá Mopa

Ẹ má bínú, ìyá ni mí, mo sì mọ ohun tí Ìyá Àgbà ń sọ. Ẹ ń ka ife, ẹ ò ka òkú.

Ẹ jẹ́ kí n ka ti ẹbí kan fún yín. Malcolm Campbell, ará Gẹ̀ẹ́sì, gba àmì-ẹ̀yẹ ẹni tó yára jù lórí omi láyé, títí di 1939. Donald ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó gbà á ní ẹ̀ẹ̀meje láàárín 1955 sí 1964. Ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní 1967, ó tún lọ sórí adágún Coniston láti sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bóòtù náà fò sókè, ó dojú dé, Donald sì kú síbẹ̀. Ọdún 2001 ni wọ́n tó rí òkú rẹ̀ gbé jáde. Gina ọmọ rẹ̀ obìnrin náà sì tún wọ bóòtù eléré lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀. Mi ò bú wọn. Mo kàn fẹ́ kí ẹni tó bá ń sọ fún ọmọ ọdún 16 pé eré ni iṣẹ́ ìdílé rẹ̀ sọ gbogbo ìtàn náà tán fún un.

Ọmọ Kàbà ní Milan

Ìyá wa, ẹ ṣeun, òótọ́ lẹ sọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980, àwọn awakọ̀ ń kú nínú F1 náà lemọ́lemọ́. Bóòtù pákó ni wọ́n ń wà nígbà yẹn, ìjókòó rẹ̀ ò sì ní ààbò. Tó bá gbá omi lórí eré, á fọ́ túútúú, tòun ti ẹni tó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn àwọn ikú yẹn ni wọ́n wá ṣe àpótí tó le koko yí ìjókòó awakọ̀ ká, wọ́n sì ní kí wọ́n máa fi bẹ́líìtì dè é mọ́ ọn. Bí bóòtù bá fọ́ pátápátá, àpótí yẹn kì í sábà fọ́. Kó tó di ìgbà yẹn, àdúrà awakọ̀ ni pé kó já bọ́ síta.

Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti dè ọ́ mọ́ inú bóòtù, o gbọ́dọ̀ lè jáde nínú rẹ̀ nígbà tó bá dojú dé. Nítorí náà, ìdánwò kan wà tí kò sẹ́ni tó ń fò ó. Wọ́n á dè ọ́ mọ́ ìjókòó, wọ́n á da ìjókòó náà dé sínú omi, orí rẹ á wà nísàlẹ̀, omi á wọ imú, o ò ní mọ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀. Wàá yọ ọwọ́ ìdarí, wàá tú bẹ́líìtì, wàá fọwọ́ tọ ẹnu ọ̀nà lọ, wàá jáde. Àwọn òmùwẹ̀ máa ń dúró tì ọ́. Ẹni tí àyà rẹ̀ bá já níbẹ̀ kò ní wọ bóòtù lọ́jọ́ náà.

Àǹtí, ẹ kọ èyí sílẹ̀: ẹnikẹ́ni tó bá pe ọmọ yín wá díje, ní Nàìjíríà tàbí lókè òkun, tí kò béèrè ìdánwò yìí, tí kò ní ọkọ̀ ìdóòlà àti òmùwẹ̀ lórí omi, kó yí padà sílé.

Ọmọ Yàgbà

Ẹ̀yin ará, ẹ gbàgbé odò Ọya fún eré sísá. Omi tó dúró wà nílé wa. Adágún Kampe-Omi ní Ejiba, ní Yàgbà West, tí wọ́n ṣe fún bíbomi rin oko, fẹ̀ dáadáa, kò ní ọkọ̀ akérò tó ń kọjá, kò sì ní ẹ̀kún omi tó ń gbé igi wá bíi ti Lọ́kọ́jà. Ibi tí mo rí ní temi nìyẹn tí ọmọ ti lè fi kẹ́ẹ̀gì òfìfo ṣe àmì, kó máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń yà.

Ẹ má kàn gbé bóòtù síbẹ̀ o. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó agbègbè odò náà ló ni ín, ẹ kọ ìwé sí wọn. Ẹ lọ kí ọba, ẹ lọ bá àwọn apẹja tó ń dá àwọ̀n síbẹ̀, kí wọ́n sọ ọjọ́ tí wọn kì í dẹ omi àti apá ibi tí àwọ̀n wọn wà. Fáànù ẹ́ńjìnnì tó bá wé mọ́ àwọ̀n apẹja, ìjà ni yóò yọrí sí, ẹjọ́ yín ò sì ní tọ́.

Nọ́ọ̀sì Ìsánlú

Ọmọ Yàgbà, ìmọ̀ràn yín dáa, mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un kíá. Omi tó dúró, tí koríko wà létí rẹ̀, ni ìgbín kékeré tó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá fẹ́ràn. Kòkòrò náà ń gba awọ wọlé. Èèyàn ò ní mọ̀, títí ìtọ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹ̀jẹ̀. Ọmọ tó bá ń wọ adágún lemọ́lemọ́, ẹ máa mú un lọ yẹ ìtọ̀ àti ìgbẹ́ wò nílé ìwòsàn lóòrèkóòrè, kó tó rí àmì kankan. Oògùn rẹ̀ wà, praziquantel ni, bí ọmọ bá ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń wọn ún, nítorí náà ẹ má lọ rà á lọ́wọ́ oníkíósìkì. Kó jáde nínú omi, kó nu ara gbẹ, kó má jókòó sí etí koríko.

Mo tún rí i pé ẹnikẹ́ni ò tíì béèrè bóyá ọmọ náà ti yẹ ojú wò. Ẹ mú un lọ. Ẹ ra ohun ìdíhò etí fún un, nítorí ariwo ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń gbọ́ láti kékeré ti di ọ̀pọ̀ awakọ̀ bóòtù wa létí kí wọ́n tó pé 40. Nínú bóòtù F1, nígbà tí wọ́n bá ń yà, agbára tó ń fa awakọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ máa ń ju ìlọ́po 4 ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Ọrùn ló ń ru gbogbo ìyẹn, tòun ti akoto. Kó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ lágbára díẹ̀díẹ̀ láti ìsinsìnyí, kó sì máa lúwẹ̀ẹ́ kí èémí rẹ̀ lè gùn sí i.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú mi ni pé, bó bá forí gbá nǹkan, bí ó tilẹ̀ ní kò sí nǹkan tó ń ṣe òun, kò gbọdọ̀ padà sínú bóòtù lọ́jọ́ náà. Tí orí fífọ́, èébì, oorun àsùnjù tàbí ojú ríran méjìméjì bá tẹ̀ lé e, ilé ìwòsàn tààrà.

Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ etí odò mọ̀wẹ̀. Ẹ jẹ́ kó lè wẹ̀ pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn, bàtà lẹ́sẹ̀, àti láífù jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n so ó dáadáa. Ọ̀tọ̀ ni ìyẹn.

Tíṣà Ìjùmú

Ọ̀rọ̀ tèmi ò gùn. SS2 ló wà, kó parí WAEC, kó má fi Físíìsì àti Máàtì ṣeré. Gbogbo ohun tí ará Milan ṣàlàyé nípa afẹ́fẹ́ tó ń gbé bóòtù, Físíìsì ni. Lẹ́yìn náà, Maritime Academy wà ní Oron láti 1979, Nigeria Maritime University wà ní Okerenkoko, Kogi State Polytechnic sì wà nítòsí wa ní Lọ́kọ́jà tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹgbẹ́ eléré kan lè ní awakọ̀ méjì, ṣùgbọ́n àwọn tó ń tún bóòtù ṣe, tó ń ka kọ̀ǹpútà, tó ń mójú tó bátìrì, pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ lè gba ibẹ̀ wọlé, kí wọ́n wá rí i pé ó mọ bóòtù wà.

Àǹtí Ganaja

Ẹ ṣé gan-an, Olúwa á bá wa dá a padà fún yín. Mo ka gbogbo rẹ̀ sétí ẹ̀gbọ́n mi lálẹ́ àná. Wọ́n gba ti okùn. Wọ́n ní lóòótọ́, wáyà ló wà lára tiwọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n béèrè ìbéèrè kan, mo sì máa sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́: "Odò kì í kún bo ẹja lójú. Orí odò Ọya ni bàbá mi ti kọ́ mi. Ọmọ tó bá kọ́ eré nínú adágún, ṣé ó lè mọ omi?"

Wakọ̀ Jamata

Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ sọ fún wọn pé iṣẹ́ méjì ni. Mímọ odò, bí omi ṣe ń hó níbi tí òkúta wà lábẹ́ rẹ̀, bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe ń yí níbi tí yanrìn wà, ìyẹn ni iṣẹ́ ẹni tó ń gbé ẹ̀mí èèyàn kọjá. Kí wọ́n kọ́ ọmọ ní ìyẹn lọ́sàn-án gangan, kó jókòó tì wọ́n, láìsí eré. Kò sẹ́ni tó lè kọ́ ọ bíi tiwọn.

Eré ìdíje ni wọ́n ń ṣe níbi tí wọ́n ti dí pa, tí kò sí èrò, tí kò sí apẹja, tí gbogbo èèyàn mọ ibi tí wọ́n ti máa yà. Ohun tí ọmọ nílò níbẹ̀ ni kó ya àmì kan náà títí tí ọwọ́ rẹ̀ á fi mọ̀ ọ́n láìwo ojú. Odò Ọya ò lè fún un ní ìyẹn, torí kì í rí bákan náà lọ́jọ́ méjì.

Kí wọ́n wá ẹ́ńjìnnì 15 àlòkù fún un, sórí bóòtù kékeré tó jẹ́ tirẹ̀. Kó máa wò ó kó tó wọ̀ ọ́: epo àti ọ́ìlì tó pò dáadáa, pílọ́ọ̀gì, ètè fáànù tí kò ya, àti omi tín-ín-rín tó máa ń tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Tí omi yẹn kò bá tú, ẹ́ńjìnnì ò rí omi mu nìyẹn, yóò gbóná, yóò há mọ́ra. Kó pa á lójú ẹsẹ̀. Mo ti rí àwọn àgbà awakọ̀ tó ń wo iwájú nìkan tí wọn ò wo ibẹ̀ rí.

Ọmọ Ọ̀wẹ̀ Èkó

Mo wà ní Èkó nígbà ìdíje E1 yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀, torí owó àti ìtànjẹ ló kù tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ bà.

Ní Jeddah ni E1 ti bẹ̀rẹ̀, oṣù kejì 2024. Bóòtù wọn, RaceBird, dà bí ẹyẹ tó fẹsẹ̀ kan omi: ẹsẹ̀ méjì tó tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń gbé e sókè kúrò lójú omi, ó sì ń sá tó 93 kìlómítà ní wákàtí. Didier Drogba wà lára àwọn tó ní ẹgbẹ́ níbẹ̀ nígbà ìdíje ti Èkó yẹn. Àwọn awakọ̀ wọn ti ibi oríṣiríṣi wá. Àwọn kan ti ń wa bóòtù eléré láti kékeré, àwọn kan wá láti inú eré mọ́tò. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti ń díje kí ẹnikẹ́ni tó pè wọ́n.

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé òun mọ ẹni tó mọ ẹni tó máa fi ọmọ yín sínú ẹgbẹ́ lókè òkun, kí ẹ kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù tàbí owó físà, olè ni. Ẹ má tilẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ síwájú. Irú wọn tẹ̀ lé ìdíje yẹn wá sí Èkó, wọ́n sì ti rí owó gbà lọ́wọ́ àwọn òbí kan.

Ẹ ṣe NIN àti páásípọ́ọ̀tù ọmọ náà sílẹ̀. Kó máa ya fídíò bó ṣe ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe àti bó ṣe ń yà lórí adágún, pẹ̀lú láífù jákẹ́ẹ̀tì àti akoto, kó má fi eré tó ń sá láàárín èrò hàn. Ẹni tó bá máa gbà á síṣẹ́ á wo fídíò kan tí kò ní láífù jákẹ́ẹ̀tì, á sì kọjá lọ. Nígbà ìsinmi, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń ṣe bóòtù fáíbà ní Èkó tó máa gbà á kó ṣiṣẹ́ lábẹ́ wọn, kó mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ aṣọ fáíbà tí wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lé e. Mo lè bá yín béèrè.

Ìyá Mopa

Ìbéèrè kan, Àǹtí. Ọmọkùnrin nìkan ló wà nílé yẹn?

Àǹtí Ganaja

Rárá, ìyá wa. Àbúrò rẹ̀ obìnrin wà, ọmọ ọdún 12. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, òun ló máa ń di ẹ́ńjìnnì mú tí bàbá rẹ̀ bá ń gbé bóòtù wọ èbúté, torí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ ju ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó tíì bi í ní nǹkan kan nínú gbogbo ìjà yìí.

Ọmọ Kàbà ní Milan

Ẹ bi í o! Ní E1, òfin ni pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní awakọ̀ ọkùnrin kan àti obìnrin kan, bí wọn ò bá ní obìnrin, wọn ò lè díje. Nínú F1H2O, ọkùnrin àti obìnrin jọ ń sá eré kan náà ni. Marit Strømøy, ará Norway, ló kọ́kọ́ borí níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí obìnrin, ní Sharjah, 2015. Obìnrin tó lè wa bóòtù dáadáa ṣọ̀wọ́n ju ọkùnrin lọ níbi gbogbo láyé. Ọmọ ọdún 12 tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ lórí ẹ́ńjìnnì, ìgbà tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn, ó tilẹ̀ ṣáájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ìyá Mopa

Èmi tí mo ka òkú náà ni mo tún ń sọ ọ́. Bí ẹ bá máa jẹ́ kí ọkùnrin lọ, ẹ jẹ́ kí obìnrin náà lọ, kí wọ́n fún àwọn méjèèjì ní akoto àti jákẹ́ẹ̀tì tó bá wọn mu, kó má jẹ́ àlòkù ẹ̀gbọ́n ni àbúrò ń wọ̀.

Àǹtí Ganaja

Ẹ kú àdúrótì. Ibi tí a dé nìyí. Ẹ̀gbọ́n mi ti yọ wáyà lára bóòtù wọn, wọ́n ní kí n béèrè ibi tí wọ́n ti ń rí okùn gidi rà. A ó kọ ìwé nípa adágún Ejiba. Ọmọkùnrin gbà láti parí WAEC, ó sì fẹ́ lọ sí Èkó nígbà ìsinmi. Ọmọbìnrin ní òun fẹ́ wà á, ó ní ẹnikẹ́ni ò bi òun ni. Ìyá Àgbà kò tíì gbà. Wọ́n ní àwọn máa bá wa lọ sí Ejiba, àwọn á jókòó létí omi, àwọn á fojú ara àwọn rí i kí àwọn tó sọ̀rọ̀.

Wakọ̀ Jamata

Ẹ wá sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì lẹ́bàá èbúté. Ẹ mú bọ́tìnì tó wà lára ẹ́ńjìnnì lọ, torí orí okùn ti Yamaha ò bá ti àwọn míì mu. Ẹ ra méjì, kí ìkan wà nípamọ́ nínú bóòtù. Ẹ sì dán an wò kí ẹ tó kúrò létí omi: ẹ ṣáná, ẹ fa okùn. Bí ẹ́ńjìnnì ò bá kú, ẹ dá a padà fún wọn.

Nọ́ọ̀sì Ìsánlú

Ejiba ò jìnnà sí mi. Ẹ jẹ́ kí n mọ ọjọ́ tí ẹ bá ń bọ̀, màá wá dúró ti Ìyá Àgbà, màá sì mú igò ìtọ̀ méjì dání fún àwọn ọmọ.